Igi Tí Mo Fi Dí Àlàfo

Ó ti rẹ̀ mí. Àìsàn rẹ̀ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ló rẹ̀ mí jù. Dókítà kò fi pa mọ́ fún mi, ó ní kí n máa palẹ̀ mọ́, àwọn ará ilé sì ti ń rìn jẹ́jẹ́ bí wọ́n bá dé ẹnu yàrá mi. Kí n tó lọ, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ pọ̀ jáde, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n sin mí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí irúgbìn, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́sàn, tí ẹ fi mí ṣe àwòkọ́ṣe, ẹ kà á dópin kí ẹ tó tún fi orúkọ mi yangàn.

Iṣẹ́ wa nígbà náà ni láti wá igi ọsàn tí yóò yè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìsí ẹni tó ń bomi rin ín. A mú ẹ̀ka ọsàn dídùn, a so ó mọ́ kùkùté oríṣi kan tí a gbọ́ pé gbòǹgbò rẹ̀ le, a gbìn wọ́n ní ìlà-ìlà sórí ilẹ̀ líle tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, a sì fi wọ́n sílẹ̀ fún oòrùn. Orúkọ ti wà nílẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀: Kò-bẹ̀rù-ọ̀dá. A ti sọ ọmọ lórúkọ kí a tó mọ̀ bóyá yóò yè. Òfin kan ló de iṣẹ́ náà: èyí tó bá kú, kí a fà á tu, kí a sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó lè rí iye tó kú. Ọ̀gá wa kì í yé sọ ọ́ pé, "Ẹ má ṣàánú igi o. Ẹni tó máa gbìn ín ni kí ẹ ṣàánú."

Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bí Bàámi bá rí àlàfo láàárín ìlà, wọn ò ní jẹ́ ká jẹun àfi tí a bá dí i. Àlàfo lóko, ìtìjú olóko ni lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ dé, tí àwọn igi mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìlà náà wá rí bí ẹnu arúgbó tó ti ká eyín, àwọn àlejò sì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa. Mo ní àwọn ẹgbẹ́ wọn kan nínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ ibòji, tí mò ń bomi rin lójoojúmọ́. Mo pe ọkùnrin tí a jọ ń tọ́jú ìlà náà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa ń pè é ní Abẹ́rẹ́, mo ní kó bá mi gbé wọn. Ó ní, "Kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Mo ní ká kàn fi dí àlàfo ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé oko bàbá yín lẹ rò pé ẹ wà ni?" Síbẹ̀ ó gbé wọn, a gbìn wọ́n, a sì fi ewé gbígbẹ bo ìdí wọn kí iyẹ̀pẹ̀ tuntun má baà hàn. Ìmọ́tótó lásán ni mo pè é lọ́jọ́ náà. Èmi òpùrọ́! Ta ló ń ṣe ìmọ́tótó tó ń fi ewé bò ó?

Àwọn àlejò wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ̀ẹ̀rùn kejì dé, mo tún dí i, èyí tó tẹ̀ lé e náà, mo dí i. Abẹ́rẹ́ ní, "Ìyá Ọlọ́sàn, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún ọ̀gá." Mo ní, "O fẹ́ kí wọ́n lé àwa méjèèjì ni?" Kò pẹ́ tó fi tọrọ pé kí wọ́n gbé òun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí ewúrẹ́. Ó ní ewúrẹ́, ó kéré tán, tó bá kú, gbogbo ayé á gbọ́ òórùn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbà pé igi náà kì í kú, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn àgbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ló ń tọ́jú oko ọsàn tí Bàámi fi sílẹ̀. Àwọn igi ibẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń so, èso wọn ló sì fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Àbúrò mi, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ ọsàn yín yìí, àmọ́ ẹnu tìrẹ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Ṣé kí n gé ti Bàbá?" Òótọ́ dé orí ahọ́n mi. Ọ̀gá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó juwọ́ sí wa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé e." Ó sì gé e, ó gbin tiwa rọ́pò.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan péré ló kó gbogbo tuntun náà lọ. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ewé ti ká jọ, ẹ̀ka ń dá lọ́wọ́ bí igi ìdáná. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ dúró tì í. Ó ní, "Kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Ẹ gbọ́ èsì mi, torí òun ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ gbẹ́ ìdí igi kan, mo mi orí bí ọ̀mọ̀wé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rì í mọ́lẹ̀ jù. Ibi tí a ti so ẹ̀ka mọ́ kùkùté ti wọlẹ̀. Ọwọ́ yín ló pa wọ́n." Kò rì í jù. Bí mo ṣe kọ́ ọ gan-an ló ṣe gbìn ín. Ìyàwó rẹ̀ wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó yí padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́ nìyẹn. Má bínú." Òun ló bẹ̀ mí o! Mo sì gba ẹ̀bẹ̀ náà.

Kò gbin nǹkan kan mọ́ látọjọ́ náà. Ó lọ ń ṣọ́ géètì ilé-ìwé, oko Bàámi di igbó. Igi wa kú káàkiri, a sì ní àwọn àgbẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ṣaláìsí. Nísinsìnyí tí mi ò lè dá dìde, ẹ̀gbọ́n mi yìí náà ló ń gbé mi jókòó, tó ń fi ṣíbí bọ́ mi. Òdòdó kan wà nínú agolo lójú fèrèsé mi. Bó bá ti rọ, ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń ké sí: "Wá bomi rin nǹkan yìí o, ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ bàbá ẹ kì í jẹ́ kí ewéko yè." Á fi ṣẹ̀fẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tú mi láṣìírí fún ara mi.

Lánàá ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò rì í jù?" Mo ní, "Ẹ ò rì í jù, Ẹ̀gbọ́n." Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ ò gbọ́ èyí kó tó lọ." Ó sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Mi ò ní ohun tí mo lè fi tún un ṣe, ẹnu tí mo fi bẹ̀ yín yìí nìkan ló kù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ yín, bí igi yín bá kú, ẹ jẹ́ kó kú. Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ojú tì yín, kí ẹ sì sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé láàárọ̀ yìí, kò kí mi. Ó bu omi, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó sì da á sí ìdí òdòdó náà fúnra rẹ̀. Omi náà pọ̀ jù, ó kún agolo, ó ń ṣàn sílẹ̀. Mo rí i. Mi ò sọ fún un; mo ti dá ọwọ́ yẹn lẹ́bi tó.