Sítóòfù Gáàsì Inú Páálí

Nínú takisí Òde Rẹ́mọ sí Ṣàgámù, obìnrin kan ń bá ìyá rẹ̀ arúgbó sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìyá mi, dókítà ní èéfín igi ló ń fa ikọ́ yín. Sítóòfù gáàsì tí mo rà ṣì wà nínú páálí."

"Àgbàdo tí mo fẹ́ gbìn ńkọ́? Bí èéfín kò bá kàn án lórí àjà, kòkòrò á jẹ ẹ́."

"Màá bá yín dé e pa sínú kẹ́ẹ̀gì. Àgbàdo lẹ ń ṣàánú, ẹ ò ṣàánú ara yín."

"Bí mo bá dáná igi, àwọn ọmọ rẹ á wá jókòó tì mí. Ti gáàsì, ìwọ fúnra rẹ lo máa lé wọn kúrò níbẹ̀."

Èmi náà jókòó ti irú iná bẹ́ẹ̀ rí. Ikọ́ tún gbé ìyá, ọmọ rẹ̀ sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.