Ẹrẹ̀ Tí Mo Fi Kun Ògiri

Ẹ gbé pátákó yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ àdúgbò. Mo mọ̀ pé ẹ ti fi ọ̀dà kọ orúkọ mi sí i, mo sì mọ̀ pé ọ̀la lẹ fẹ́ rì í mọ́ ẹnu títì, kí gbogbo ayé lè máa kà á pé èmi Ìyá Oníbúrẹ́dì ni mo tẹ ibí dó. Ẹ ṣeun. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń rà nínú mi látọjọ́ pípẹ́, bí mo bá sì gbé e wọ sàréè, ilẹ̀ gan-an á bì mí jáde. Ẹ ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ nípa ọkàn mi. Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, fi omi tíì yẹn sílẹ̀, wá jókòó. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá títì níbí, ẹ rò pé bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, igbó ni gbogbo ibí. Ilé mi wà lókè níbi tó wà yìí. Ilé Aránṣọ, ọ̀rẹ́ mi, ìyá tó bí Nọ́ọ̀sì yìí, wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Àwọn ilé mélòó kan fọ́n ká sáàárín wa. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ló ti ìlú wá; tó bá dé ibi kànga, á pín sí méjì, ọ̀kan á gun òkè wá sọ́dọ̀ mi, èkejì á sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Aránṣọ, á gba orí afárá onípákó jáde sí títì ńlá. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló yá, ó tẹ́jú, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ra búrẹ́dì mi á mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè. Aránṣọ a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀rẹ́ mi, búrẹ́dì rẹ dùn o, àmọ́ kéèyàn tó dé ìdí ẹ̀, ebi á ti pa á kú!" A ó jọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ń bàjẹ́. Ìlara ni, kí n má tún parọ́ mọ́.

Nígbà tó yá, ìjọba rán àwọn awọnlẹ̀ wá pé àwọn fẹ́ ṣe títì. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni wọ́n kan igi wọn mọ́, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn lórí. Ìṣe wọn ni pé kí wọ́n tó parí, wọ́n á bi ẹni tó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ náà pé ibo ni omi máa ń dé lásìkò òjò, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń wọnlẹ̀, gbogbo ibi ló gbẹ. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ọ̀gá wọn wá bá mi nídìí ààrò, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wa rìn ká lọ́sàn-án ọ̀la, kí ẹ fi ojú omi hàn wá." Mo ní kò burú.

Aránṣọ ti sọ fún mi pé òun máa lọ ra òwú nílùú lọ́jọ́ kejì. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo pe àbúrò mi tó ń bá mi po ìyẹ̀fun, a gbé korobá, a lọ bu ẹrẹ̀ létí odò. Ilé kan wà tí wọn ò tíì kọ́ parí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Aránṣọ gan-an. A fi ẹrẹ̀ kun ògiri rẹ̀ yíká, ó ga tó àyà mi, a fà á gún régé, bí omi ṣe máa ń fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ tó bá fà. A kun ìdí igi. A fi koríko gbígbẹ há ẹnu fèrèsé bíi pé odò ló gbé e wá. Àbúrò mi gbé korobá sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ohun tí à ń ṣe yìí dáa?" Mo ní, "Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ṣé o fẹ́ ká máa ru búrẹ́dì kiri títí ayé ni?" Kí àwọn awọnlẹ̀ tó dé, oòrùn ti mú un gbẹ. Ọ̀gá wọn fọwọ́ kan ògiri, ó mi orí. "Háà, omi ń dé ibí?" Mo ní, "Ó tún ń kọjá ibẹ̀ nígbà mìíràn." Ẹ gbọ́ irọ́ lẹ́nu àgbà! Wọ́n fa igi wọn tu, wọ́n gbé títì gba òkè.

Títì dé, àdúgbò bá wú bí ìyẹ̀fun tí yíìsì mú. Ilé ń yọ lọ́tùn-ún lósì. Ilé ẹ̀kọ́ dé, oníkẹ́míìsì dé, ilé ìwòsàn dé. Nísàlẹ̀, afárá jẹrà, wọn ò tún un ṣe, wọ́n ní omi á kúkú gbé e lọ. Àwọn tó lágbára kó kúrò. Aránṣọ ò rí ibi kó lọ. Ta ló máa ra ilẹ̀ tí ìjọba ti pè ní ilẹ̀ omi? Ó ń ru ẹ̀rọ ìránṣọ gun òkè wá bá àwọn oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé, "Ọ̀rẹ́ mi, omi ò dé ẹnu ọ̀nà mi rí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?" Ó tẹjú mọ́ mi. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ìjọba, ta ló mọ̀ ọ́n?"

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Èyí tó burú jù ló kù. Àwọn tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ bẹ ìjọba pé kí wọ́n ya ọ̀nà kékeré kan wá bá àwọn. Wọ́n rán ẹnì kan wá, onítọ̀hún ní àfi kí èmi tí mo kọ́kọ́ dé jẹ́rìí pé omi ò dé ibẹ̀. Aránṣọ mú un wá bá mi. Ọkọ rẹ̀ ti kú, oyún èkejì sì ti wúwo nínú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, gbólóhùn kan péré ni. Tí ọmọ yìí bá fẹ́ dé, ọkọ̀ ò ní lè dé ọ̀dọ̀ mi." Mo rò ó pé bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á bi mí nípa ẹrẹ̀ ọjọ́sí. Ìtìjú tèmi ni mo rò, mi ò ro ẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi. Níṣojú rẹ̀ ni mo ṣe sọ pé, "Ohun tí mo sọ níjọ́sí náà ni mo sọ lónìí." Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì lọ. Èmi ìkà yìí, mo padà sídìí ààrò mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bíi pé kò ní dá mọ́ ni ìrọbí mú un. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dúró síwájú ilé mi, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹ̀, wọ́n ń gbé e gun òkè, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń ṣubú. Mo sáré lọ pàdé wọn. Ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọmọ kú, ìyá náà kú. Nígbà tí òjò dá, mo lọ wo ilé rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo òjò yẹn, omi odò ò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Mo mú ọ sọ́dọ̀, Nọ́ọ̀sì, mo tọ́ ọ. Ayé ń yìn mí pé aláàánú ni mí. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè. O ní ṣé ìyá rẹ mọ̀?

Ó mọ̀. Kò lọ sílùú lọ́jọ́ tí a kun ẹrẹ̀ yẹn. Inú ilé ló wà, ojú fèrèsé ló ti ń wò wá. Lórí ilẹ̀kùn yẹn ló ti di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mo rí yín. Mo ń retí kí o fẹnu ara rẹ sọ fún mi ni. Gba ọmọ mi." Gbogbo ìgbà tó ń bi mí, ó ń fún mi láyè ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ọ̀dà pa orúkọ mi rẹ́. Bí ẹ bá ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tètè tú u kó tó bí èkejì, torí èkejì ló ń pànìyàn. Ọmọ Aránṣọ, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá máa kó ẹrù rẹ, mi ò ní dí ọ lọ́nà. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ọ́: bú mi, pariwo lé mi lórí, bi mí ní ohunkóhun. Jọ̀ọ́, má ṣe dákẹ́ bí ìyá rẹ ṣe dákẹ́.