Irú Ló Kí Imú Káàbọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi èémí sí ihò imú wa. Nínú ọkọ̀ láti Òsì sí Ìlọ́fà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyá kan tó gbé àpò irú sórí itan àti ọkùnrin akunlé kan tó jókòó tì í.

"Ìyá, irú yín ń rùn!"

"Bọ́ sílẹ̀ bí o kò bá lè gbà á."

"Ẹ má bínú, inú mi ló ń dùn! Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ òórùn kẹ́yìn. Tí mo bá ń kunlé de ọdún, ṣe ni mo máa ń ti fèrèsé pa, kí eruku má ba à lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Bẹntiróòlù ni mo fi ń fọwọ́. Imú mi kú, ìka mi kú. Ìyàwó ló ń bá mi de bọ́tìnnì."

"O ò wá nǹkan ṣe sí i?"

"Mílíìkì alágolo ni mò ń mu, kó lè fọ ọ̀dà kúrò nínú mi."

"Àgbà ọmọ ọwọ́!"

"Mílíìkì ò ṣe nǹkan kan. Dókítà ló ní kí n fi ọ̀dà elépo sílẹ̀, kí n má fi bẹntiróòlù fọwọ́ mọ́, kí n máa ṣí fèrèsé. Láàárọ̀ yìí, èmi ni mo de bọ́tìnnì ara mi."

Ìyá tú àpò náà. "Gbóòórùn dáadáa, ọmọ mi. Irú ló kí ọ káàbọ̀."

Ìwọ tó ń ka èyí, adùn ayé kò ní kọjá imú rẹ láìdúró.