Kọfí Àárọ̀ Dáddì

Òwúrọ̀ Sátidé kan, ọdún 2018. AKÍN ni Akínkúnlé, nílé bàbá wọn ní Rumuokwurushi, Port Harcourt. TÈMI ni Tèmiolúwa, àbúrò rẹ̀, nílé Sotonye ọkọ rẹ̀ ní Okrika, pẹ̀lú Belema ọmọ wọn.

TÈMI: Hẹ́lò? Bùrọ̀dá Akín, ẹ kú àárọ̀ o!

AKÍN: Tèmi, àárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Sotonye ńkọ́? Belema ńkọ́?

TÈMI: Wọ́n wà. Belema ń fi búrẹ́dì ṣeré. Ṣé kò sí o? Ẹ kì í pè mí láàárọ̀ báyìí—

AKÍN: Kò sí nǹkan. Mo fẹ́ se kọfí ni. Èyí tí wọ́n ń da omi sí lórí díẹ̀díẹ̀ nì. Báwo lo ṣe máa ń ṣe é?

TÈMI: Kọfí?

AKÍN: Kọfí. Ṣé o gbọ́ mi?

TÈMI: Mo gbọ́. Láti Kérésì ẹ ò pè mí, ẹ wá jí lónìí, kọfí lẹ fẹ́ se. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń mu Bọnfíta láti kékeré—

AKÍN: Èèyàn ò lè yí padà ni? Jọ̀ọ́, omi ti ń hó lórí gáàsì.

TÈMI: Ẹ gbé e kúrò lórí iná! Ẹ má da omi tó ń hó sí i o, á korò bí ewúro. Ẹ jẹ́ kí ariwo rẹ̀ rọlẹ̀ ná. Àrọ tánganran funfun nì ńkọ́?

AKÍN: Ó ti wà lórí ife. Bébà inú rẹ̀ ni mi ò rí. Tíṣù ni mo fi sí i lánàá, ó ya, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú ife.

TÈMI: Tíṣù! [Ó rẹ́rìn-ín.] Yéè, Bùrọ̀dá! Ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù òkè, lẹ́yìn àwọn àwo Mọ́mì.

[Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù dún.]

AKÍN: Mo rí i. Páálí mẹ́rin. Kò sí èyí tí wọ́n ṣí níbẹ̀.

TÈMI: Mẹ́rin kẹ̀? Ìlàjì páálí kan ni mo fi sílẹ̀ nígbà tí mo ń lọ. Ta ló ń rà á?

AKÍN: Èmi ni. Dáddì ló ń rán mi. Ọdọọdún tí mo bá ń ti Lagos bọ̀, wọ́n á ní kí n bá àwọn ra ọ̀kan. Mo rò pé wọ́n ń lò ó ni.

TÈMI: Ọdún mẹ́rin.

AKÍN: Tèmi—

TÈMI: Bùrọ̀dá, ta lẹ ń se kọfí yìí fún?

[Ohùn ń já.]

AKÍN: Ṣé o gbọ́ mi? Nẹ́tíwọ̀kì yìí—

TÈMI: Ẹ má fi nẹ́tíwọ̀kì bojú. Ta lẹ ń se é fún?

AKÍN: Dáddì ni.

TÈMI: Kí ló ṣe wọ́n?

AKÍN: Ẹ̀dọ̀ ni. Ó ti ń lọ láti oṣù Kẹjọ. Dókítà ti ní ká máa gbé wọn lọ sílé, ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè, ká ṣáà fún wọn.

TÈMI: Oṣù Kẹjọ! Okrika níbí ni mo wà, wákàtí kan péré, ẹ ò—

AKÍN: Ìwọ náà ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. "Tí o bá fẹ́ ọmọ Okrika yìí, má tẹsẹ̀ bọ ilé mi mọ́." Ṣé èmi ni màá wá sọ pé bàbá mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wí?

TÈMI: Ìbínú ni wọ́n fi sọ ọ́!

AKÍN: Ẹyin lohùn, àbúrò mi. Mo ń retí kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Mo dúró, dúró. Ọjọ́ mẹ́ta rèé wọn ò fẹnu kan nǹkan kan. Wọn ò dárúkọ rẹ o, kọfí ni wọ́n ń wí. Mo po oníyẹ̀fun fún wọn, wọ́n tu ú. Wọ́n ní, "Irú èyí tí wọ́n máa ń se nílé yìí tẹ́lẹ̀." Mo wọ kíṣìnì, mo sunkún, Tèmi. I be old man, I dey cry for kitchen.

[Tèmi ń sunkún. Ó fọn imú.]

TÈMI: Ẹ ti lọ kóró rẹ̀?

AKÍN: Mo ti lọ̀ ọ́.

TÈMI: Ṣé ó rí bíi gaàrí? Kó má kúnná bí èlùbọ́ o.

AKÍN: Bíi gaàrí.

TÈMI: Ẹ fi omi gbígbóná ṣan bébà yẹn, kí òórùn rẹ̀ lọ. Ẹ da omi yẹn nù. Ó yá, ẹ da kọfí sí i. Omi díẹ̀, kó ṣáà rin. Ṣé ó ń wú?

AKÍN: Ó ń wú. Ó ń yọ ìfófó.

TÈMI: Ẹ dúró. Ẹ ka Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀kan. Bí Dáddì ṣe kọ́ mi nìyẹn, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe àmín, ẹ da omi kejì.

[Akín ń gbàdúrà lábẹ́ ohùn. Ó dákẹ́ láàárín.]

TÈMI: Kí ló dé?

AKÍN: Mo dé ibi ìdáríjì.

TÈMI: Ẹ kà á tán, Bùrọ̀dá. Kọfí ń tutù.

[Akín parí àdúrà. Omi ń dà tẹ́ẹ́rẹ́.]

TÈMI: Láti àárín ni o, kẹ́ ẹ máa dà á yí po. Ẹ má kánjú.

BOMA, nọ́ọ̀sì Dáddì: [láti yàrá] Oga Akin! Papa dey smell am o! E say make you bring am come!

AKÍN: I dey come! Tèmi, mò ń gbé e lọ. O ti wà lórí speaker.

TÈMI: [sí ọkọ rẹ̀] Sotonye! Abeg, bring motor key! Carry Belema, make we dey go!

[Ìró ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn.]

AKÍN: Dáddì, ẹ rọra. Ó gbóná, sà.

[Dáddì fi ẹnu kan kọfí.]

DÁDDÌ: [Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.] Hùn. Ọmọ yẹn ló se èyí.

AKÍN: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òun ló—

DÁDDÌ: Kí ló wá dúró ṣe ní kíṣìnì? Ṣé àlejò ni? Ẹ ní kó wọlé.

TÈMI: Dáddì! Dáddì, èmi rèé! Mò ń bọ̀, sà! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ohùn ń já. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń dún lọ́dọ̀ Tèmi.]

AKÍN: Tèmi, ọ̀rọ̀ rẹ ń já. Tún un wí, wọ́n ń tẹ́tí. Ṣé o gbọ́ mi?

TÈMI: Mo ní a ti wà lójú ọ̀nà! Belema, oya, greet Grandpa. Say "ẹ káàárọ̀, sà."

BELEMA: Ẹ káàárọ̀, sà!

AKÍN: Dáddì, ọmọ-ọmọ yín ló ń kí yín. Ẹ jẹ́ n bá yín gba ife. Dáddì? Boma! Boma, come!

[Ìró ẹsẹ̀. Boma ń yẹ Dáddì wò.]

BOMA: Oga Akin. Leave the cup. Papa don go.

AKÍN: Tèmi. Ṣé o gbọ́ mi?

TÈMI: —ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀! A ti kọjá afárá!

AKÍN: Sọ fún ọkọ rẹ kó rọra wakọ̀. Ẹ má sáré mọ́.

TÈMI: Ẹ ní kí ni? Mi ò gbọ́! Bùrọ̀dá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má mu ún tán o. Èmi náà fẹ́ bá wọn—

[Ìpè já.]