Òtítọ́ Tí Kò Gba Ẹnikẹ́ni Là Mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ẹ̀rù ni mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sàn-án àná, lẹ́yìn tí mo gbàdúrà tán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, ni mo gbàdúrà lé lórí. Ọ̀gá kan níbẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo ṣì ń jẹun níbẹ̀, há mi mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ń fọwọ́ kàn mí níbi tí kò yẹ. Ìyá Ṣadé, tí gbogbo yín mọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọlé bá wa. Ó rí i. Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn, òun tó jẹ́ olórí àwa obìnrin níbi iṣẹ́ náà ni àwọn aláṣẹ ní kó gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ ni yín, ẹ ó mọ bí ẹ ó ṣe parí ẹ̀." Wọn kò mọ̀ pé a ti jà lórí pé mi ò lè débi ìsìnkú ìyá rẹ̀ nígbà tí ara ọmọ mi kò yá.

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Ìyá Dúpẹ́, o ráyè ọ̀dọ̀ mi lónìí? Ojú tí mo fi sunkún ìyá mi kò rí nǹkan kan o." Ohun tí yóò lọ sọ fún àwọn aláṣẹ lọ́la nìyẹn.

Nínú oorun náà, ẹnì kan tí mi ò rí ojú rẹ̀ fà mí lọ́wọ́. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tútù kan tí àwọn olóòótọ́ jókòó sí. Mo rí Màmá Àgbà, tó kọ́ wa níṣẹ́ kó tó kú. Mo pè é, mo pè é. Kò wẹ̀yìn.

Amọ̀nà mi ní, "Ó ti sinmi. Igbe ayé kì í dé ibí."

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ là, a ń sọ̀ kalẹ̀, ooru ń bọ̀, èéfín ń bọ̀, ọwọ́ mi ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí àwọn aninilára tí ọwọ́ wọn ń jó tí kò jó tán, mo rí àwọn panṣágà tí wọ́n dè pọ̀ tí wọ́n ń gé ara wọn jẹ, áà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká débẹ̀! Nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn kan ń ké títí ètè wọn fi bó: "Mo rí i! Ojú mi ló ṣe!"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni?"

"Òtítọ́ ni. Wọ́n fi pamọ́ láyé. Kò gba ẹnikẹ́ni là mọ́."

Àyè kan ṣófo láàárín wọn. Kó tó sọ ẹni tó ni ín ni mo ti mọ̀. Mo wólẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lọ kìlọ̀ fún Ìyá Ṣadé!"

"Lọ. Yóò ní torí ìjà ni."

Mo ta jí, òógùn bò mí. Mo sáré lọ sílé rẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n wọlé. "Àlá lo wá fi ń halẹ̀ mọ́ mi báyìí? Lọ lá òmíràn." Ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹnikẹ́ni tó bá rí nǹkan, kó sọ ọ́ nígbà tí ẹni tí yóò gbọ́ ṣì wà. Lọ́la, èmi yóò padà sídìí ẹ̀rọ yẹn, ọkùnrin náà yóò sì wà níbẹ̀. Ìyá Ṣadé kò wá sí ìsìn lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a jà, ẹ dákun, ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín.