Ọjọ́ tí Mo Fi Iná Lásán Kí Ìyá Ìyàwó Mi

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo lè gun òkè Màpó láì dúró mí rárá… ẹ jókòó dáadáa ná, ẹ̀yin ọmọ yìí. Gbogbo yín lẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so okùn mọ́. Ẹ ní ẹ wá gbọ́ ìtàn fíìmù. Mojí ọmọ ọmọ mi ló kó yín wá, mo mọ̀. Òun náà ló kó wàhálà wọ ilé yìí lóṣù tó kọjá. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ gbọ́. Kámẹ́rà onífíìmù, tòkunbọ̀ tí ẹ ń rà yìí, tí ẹ ń fi aṣọ nù, tí ẹ ń fẹ́ atẹ́gùn sí… irú ẹ̀ ni mo fi ń dí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má bàa gbá a. Nígbà tí fóònù dé, mo jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti Mojí yìí dàgbà ju bàbá ẹ̀ lọ. Owó tó fi rà á, kí n má dárúkọ ẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ mi má ru. Mo ní, "Ṣé wọ́n fipá mú ẹ ni?" Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ ò mọ̀ pé fíìmù ti tún dé ni?" Mo ní níbo ló lọ tẹ́lẹ̀?

Èmi ni oní-fọ́tò Bẹẹrẹ nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ìsàlẹ̀ òkè, bí èèyàn bá ń bọ̀ láti Ọjà'ba. Kò sí ìkómọ, kò sí ìgbéyàwó, kò sí òkú àgbà láti Ọ̀rányàn dé Kúdẹtì tí wọn kì í ránṣẹ́ pè mí sí. Fíìmù kan, fọ́tò mẹ́rìndínlógójì, ó parí. Kì í ṣe bíi tiyín, tí ẹ máa ya abọ́ ìrẹsì kan nígbà ogún, tí ìrẹsì á fi tutù.

Wàyí o, níbi ayẹyẹ, gbogbo ayé ló fẹ́ ya fọ́tò. Ta ló máa padà wá gbà á? Kò séèyàn. Àbúrò ọkọ á ní kí o ya òun. Ọ̀rẹ́ àbúrò ọkọ á ní kí o ya òun pẹ̀lú ìgò bíà. Bí o bá kọ̀, ìjà ni. Nítorí náà, àwa oní-fọ́tò gbọ́n. Kámẹ́rà méjì la máa ń gbé kọ́rùn. Ọ̀kan ní fíìmù nínú. Èkejì… inú ẹ̀ ṣófo bí ikùn aláàwẹ̀. Tí o bá tẹ èyí tó ṣófo yẹn, iná á kọ mànà, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á lọ jókòó. "Fi iná kí wọn," bẹ́ẹ̀ la ń pè é. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Ìdùnnú ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe fọ́tò." Kí Ọlọ́run dárí jì í. Olè ni.

Ìyá yín àgbà, Ìyá Délé, Kúdẹtì ni mo ti fẹ́ ẹ. Aláró ni ìyá ẹ̀, wọ́n ń ṣe àdìrẹ. Ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya àwọn rí. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà wọ́n o, ẹ má gbé ìtàn òyìnbó wá síbí. Fáàrí ni. Wọ́n ní, "Èmi ò ní gbé ọwọ́ aró yìí wọnú férémù. Àwọn ọmọ ọmọ mi á rò pé èédú ni mo lọ jí."

Mò ń wá ọmọ wọn nígbà náà. Mo ní bí mo bá lè ya ìyá, ọmọ ti di tèmi. Mo bẹ̀ wọ́n, bẹ̀ wọ́n… wọ́n gbà. Wọ́n fi aró sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún obìnrin tó ń tajà? Ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànìnkànìn ni wọ́n fi ń ha ọwọ́, tí awọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ọjọ́ pé. Wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé itan. Wọ́n ní, "Ṣé ó ń rí ọwọ́ mi?" Mo ní, "Ó ń rí i, mà."

Ìyàwó mi… kò tíì di ìyàwó mi o… ó gbé omi tútù jáde fún mi, ó kúnlẹ̀. Ojú mi lọ síbẹ̀. Ọwọ́ mi dá lọ sọ́rùn, ó mú kámẹ́rà. Mo tẹ̀ ẹ́. Iná kọ mànà. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ti tán? Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Inú yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fíìmù ni mo ti mọ̀. Mo wo fíìmù náà láti orí dé ìdí. Ìkómọ tí mo yà lánàá ẹ̀ wà níbẹ̀. Òkú Ọ̀rányàn wà níbẹ̀. Màmá ò sí. Kámẹ́rà òfìfo ni mo fi kí ìyá ìyàwó mi.

Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ sọ ọ́, kí n gbọ́. Irọ́ ni mo pa. Mo ní iná wọ fíìmù, pé ìmọ́lẹ̀ ráyè wọlé sí i, ó ti bàjẹ́. Àwáwí oní-fọ́tò nìyẹn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Wọn ò bínú. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Kò burú, ọmọ mi. Tó bá di Kérésì, mo tún máa ha á." Ọjọ́ kejì, wọ́n padà sídìí aró. Kérésì ò bá wọn láyé.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo fẹ́ ọmọ wọn, ó bí mẹ́rin fún mi. Fọ́tò ìdajì Ìbàdàn wà lára ògiri ilé mi. Ti ìyá ìyàwó mi nìkan ni kò sí. Mo sì ń jẹun, mo sì ń sùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Àfi ìgbà tí Mojí dé pẹ̀lú tòkunbọ̀ ẹ̀. Ó ní kí n gbé àwọn fíìmù àtijọ́ wá, òun fẹ́ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà. Agolo bisikíìtì mọ́kànlá ló tú sílẹ̀ ní pálọ̀. Ìyá Délé jókòó tì í. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Mojí, bá mi wá ti ìyá mi. Bàbá ẹ àgbà ní iná wọ̀ ọ́. Àmọ́ ayé ti lajú, bóyá ẹ̀rọ yín á lè tún un ṣe." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ojú wọn ti ń parẹ́ lọ́kàn mi. Tí mo bá dijú báyìí, gèlè nìkan ni mo ń rí."

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun.

Mojí wá a títí, kò rí i. Ó kọjú sí mi bí ọlọ́pàá. "Bàbá àgbà, fíìmù tí iná wọ̀, dúdú ló máa ń dà, kì í pòórá. Níbo ló wà?" Ẹ wo ọmọ tí mo bá wọn san owó ilé-ìwé ẹ̀. Mo ní eku ló jẹ ẹ́. Ó ní eku wo ló ń ṣa ọ̀kan ṣoṣo jẹ nínú agolo mọ́kànlá? Ìyá Délé kàn ń tú agolo tí Mojí ti tú tẹ́lẹ̀. Ó ń gbé fíìmù sókè síná lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́. Mi ò lè wò ó. Mo ní, "Ìyá Délé, má wá a mọ́. Kò sí fíìmù nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ yẹn." Mo sọ gbogbo ẹ̀.

Ó gbé agolo sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá mi fi ha ọwọ́." Ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ ń jáde, ọ̀rọ̀ ò jáde. Kí obìnrin máa gbé ọbẹ̀ tó dùn fún ọ láì bá ọ sọ̀rọ̀, ebi sàn jù ú lọ. Lọ́jọ́ kẹrin ó múra, ó wé gèlè, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí Mojí ya òun. Ó ní, "Àmọ́ kí n kọ́kọ́ rí i pé fíìmù wà nínú ẹ̀. Mi ò gba ẹnì kankan gbọ́ nínú ẹ̀yin oní-fọ́tò." Kí Mojí tó la ẹnu, ó ti gba kámẹ́rà, ó ti ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ gbayawu nínú oòrùn ọ̀sán. Gbogbo òrùlé páànù tó dípẹtà tí Mojí ti dúró lórí òkè Màpó yà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lọ nìyẹn. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìyá Délé ní, "Ó wà níbẹ̀. Mo ti rí i. Ó yá, yà mí."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Mo ní iná ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọ fíìmù lóòótọ́ nílé yìí. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi mi ni.

Mojí fi fíìmù mìíràn sí i, aláwọ̀ dúdú àti funfun. Mo ní kó sún àga sẹ́yìn díẹ̀ kí oòrùn má bàa jẹ ojú ẹ̀ tán. Ó yà á, wọ́n gbé e lọ fọ̀ l'Ékòó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró, ẹ̀yin tí ẹ ò lè dúró kí omi hó.

Àná ló dé. Mojí fà á yọ, ó gbé e lé ìyá ẹ̀ àgbà lọ́wọ́. Fọ́tò fóònù, ẹ mọ̀ ọ́n, ó máa ń nu ojú àgbà bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Èyí ò nu nǹkan kan. Ìlà iwájú orí wà níbẹ̀. Àpò abẹ́ ojú wà níbẹ̀. Ẹnu tó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá Délé wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Níbo lẹ ti rí i?"

Èmi ló ń wò. Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ ti dé ètè mi. Kí n ṣáà ní inú agolo ni mo ti rí ìyá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, èmi náà tún di èèyàn nílé mi. Mojí ò ní sọ. Ta ló máa mọ̀? Mo ní, "Ìyá Délé, ìwọ ni. Ìwọ ni Mojí yà lẹ́nu ọ̀nà níjọ́sí."

Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá Délé. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wo ìyá mi."

Mo dìde, mo ṣí fèrèsé kí ó lè rí i dáadáa…

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́mọge, ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ẹ yéé fi fóònù nu ojú àwọn ìyá yín. Bí ó bá ṣe rí ni kí ẹ yà á. Ẹnì kan ń bọ̀ wá wá ojú yẹn lọ́jọ́ kan, kò sì ní í fẹ́ òmíràn. Ìyá Délé ti gbé tiẹ̀ sínú báàgì lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Ó ní òun fẹ́ fi ìyá òun han àwọn ẹgbẹ́ òun. Ta ni èmi tí n ó sọ pé irọ́ ni?