Ọwọ́ Tó Kọ̀wé Dípò Ọmọ

Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ jókòó, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá omi, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n sinmi ná. Ìsinmi ń bọ̀ fún mi láìpẹ́, dókítà ò fi pa mọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e wọ sàréè. Ọ̀gá Kékeré, ọmọ mi, o ti dàgbà tó láti gbọ́ ọ. Ìyá Kípà, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Nọ́ọ̀sì, ẹ má wulẹ̀ máa wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ ti ń fura sí mi tipẹ́, òótọ́ sì ni.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun. Pátákó ni mo ń kọ: ti onígbàjámọ̀, ti ilé ìwé, ti ẹni tó ń ta táyà. Kò sí irú ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo rí tí mi ò lè kọ bí ẹni tó ni ín. Bí oníbàárà bá mú ìwé tí bàbá rẹ̀ tó ti kú kọ wá, màá kọ irú rẹ̀ sára pátákó, omi á sì bọ́ lójú rẹ̀. Mo máa ń fi í yangàn káàkiri àdúgbò. Ọlọ́run ló fún mi lọ́wọ́ yẹn, èmi ni mo fi ṣe ibi.

Ọ̀gá Kékeré, o kéré nígbà náà, o ò lè rántí bí àìsàn yẹn ṣe le tó. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n fi oògùn lé e lọ, ó padà wá. Wọ́n tún lé e, ó tún padà. Ìyá rẹ ti kú, èmi nìkan lo ní, ìwọ nìkan ni mo ní. Dókítà àgbà wá pè mí, ó ní ìtọ́jú tuntun kan wà, àmọ́ àwọn ṣì ń dán an wò ni. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ, wọ́n á ṣa àwọn tó ń bá àìsàn jà nínú rẹ̀ jáde, wọ́n á gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tún wọn ṣe, wọ́n á kọ́ wọn kí wọ́n lè dá jẹjẹrẹ náà mọ̀ níbikíbi tó bá sá pamọ́ sí, lẹ́yìn náà wọ́n á dá wọn padà sí ọ lára. Ọmọ ogun la wá ń pè wọ́n ní wọ́ọ̀dù. Dókítà ò tàn mí. Ó ní ìjà àwọn ọmọ ogun náà lè le jù nígbà míì, ó lè kan ọpọlọ, ṣùgbọ́n bí àwọn bá tètè mọ̀, àwọn ní oògùn tó máa pẹ̀tù sí i.

Bí wọ́n ṣe ń tètè mọ̀ ọ́n ló pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Láràárọ̀, ọmọ á kọ gbólóhùn kan sórí ìwé, gbólóhùn kan náà lójoojúmọ́, lójú nọ́ọ̀sì. Bí ọpọlọ bá ti ń dàrú, ọwọ́ ìkọ̀wé ló máa kọ́kọ́ fi hàn, kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Wọ́n ní kí o yan gbólóhùn tìrẹ. O ní: "Ajá wa kò mọ̀ pé mò ń bọ̀." Nọ́ọ̀sì, ẹ rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní lẹ́tà, ọmọ mi, àmọ́ o ní àrà tìrẹ. O kì í fi àmì kékeré sábẹ́ lẹ́tà ọ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, òbíríkítí kékeré lo máa ń yí síbẹ̀.

Kípà wà ní yàrá kejì; bó ṣe fẹ́ràn láti máa ṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Kípà, ẹ̀yin lẹ fi àjákù aṣọ rán bọ́ọ̀lù fún un, ó sì máa ń ní kí n jù ú sí òun láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Ọ̀gá, ẹ ò lè jù ú wọlé! Ẹ ti darúgbó!" Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tòun ti rọ́bà omi lápá. Wọ́n ti tún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ ṣe tán, wọ́n wà nínú fìríìsà. Òun ló kàn lẹ́yìn ọmọ mi.

Bàbá kan tí ọmọ tirẹ̀ ti gba ìtọ́jú náà ló kó bá mi. Ẹ ò rí i, mo ti ń wá ẹni tí màá dì í rù. Kò kó bá mi. Ohun tó gbọ́ ló kàn sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣọ́ra o. Oògùn tí wọ́n fi ń pẹ̀tù yẹn, àwọn ọmọ ogun yẹn gan-an ló ń pa. Bí wọ́n bá ti fún ọmọ, gbogbo ẹ̀ ti já sófo nìyẹn." Mi ò bi dókítà. Èmi tí mo máa ń bi oníbàárà ní àbítúnbi bóyá pupa ló fẹ́ àbí búlúù, mi ò bi dókítà!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun yẹn padà sí ọmọ mi lára, nọ́ọ̀sì, ẹ gbé ìwé fún un, ẹ dúró tì í. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di bírò mú ni Ìyá Kípà figbe ta: "Nọ́ọ̀sì! Ẹ gbà mí o, imú ọmọ mi ń ṣẹ̀jẹ̀!" Ẹ sáré lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe lẹ ṣe. Ó wá ku èmi àti ìwọ, Ọ̀gá Kékeré. O kọ "Ajá". Lẹ́yìn ìyẹn, bírò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bíi kòkòrò tó já sínú ọ̀dà. O wò ó, o wò mí, o ní, "Bàbá mi, lẹ́tà ò dúró." Ta ló mọ lẹ́tà tó bàjẹ́ jù mí lọ? Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo sì rántí ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ, mo rún un, mo jù ú sí ṣáláńgá. Mo mú òmíràn, mo kọ ọ́. Ajá wa kò mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo jẹ́ kí ìlà rẹ̀ gòkè díẹ̀ bí tìrẹ ṣe máa ń gòkè. Mo yí òbíríkítí sábẹ́ ọ̀ méjèèjì. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi, òun ló mọ́ jù. Nọ́ọ̀sì, ẹ padà dé, ẹ̀jẹ̀ Kípà wà lára aṣọ yín, ẹ wo ìwé náà, ẹ ní, "Ọ̀gá Kékeré, o káre." Mo rẹ́rìn-ín sí yín.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí gìrì fi mú ọ. Gbogbo wọ́ọ̀dù dàrú. Wọ́n gbé ọ sáré lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn mí. Oògùn tí mò ń sá fún gan-an ni wọ́n fi gbà ọ́ là, ó sì pọ̀ ju èyí tí wọn ì bá lò bó bá jẹ́ àárọ̀ ni. Àwọn ọmọ ogun yẹn ò sì kú. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Wọn ò kú. Wọ́n pa jẹjẹrẹ náà run pátápátá. Irọ́ mi ò wúlò fún nǹkan kan.

Nígbà tí o ti ń mí fúnra rẹ, dókítà àgbà pe èmi àti nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Bàbá, ṣé ọmọ yín ló kọ èyí fúnra rẹ̀?" Mo ní, "Ìṣojú mi báyìí ló ti kọ ọ́." Nọ́ọ̀sì, ẹ yíjú wò mí. Ẹ ò bá mi jiyàn. Ẹ jẹ́wọ́ pé ẹ kúrò níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n sì gbé yín kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn jù láyé yín. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù.

Wọ́n dá ìtọ́jú náà dúró fún gbogbo ọmọ tó kù. Ìwé àárọ̀ yẹn mọ́ kedere, ìyẹn ni wọ́n ṣe rò pé ìjà náà lè dé lójijì láìfi àmì kankan hàn. Ìyá Kípà, ẹ wá bá mi, ẹ ní, "Bàbá Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọmọ yín ti gbà á, wọ́n á gbọ́ tiyín." Mo tẹ̀ lé yín. Mo tẹ̀ lé yín! Ẹ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú dókítà, èmi dúró lẹ́yìn yín, mò ń sọ pé, "Ẹ ṣàánú wa, sà." Ó gbé yín dìde, omi wà lójú òun náà. Ó ní, "Ìyá, bí mo bá mọ ìdí tó fi kọlu ọmọ yẹn láìfi àmì hàn, ǹ bá bẹ̀rẹ̀ tọmọ yín lọ́la. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò lè fi ọmọ yín ta tẹ́tẹ́." Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Mo rò ó pé wọ́n á lé ọmọ mi jáde kí ara rẹ̀ tó yá, pé ọlọ́pàá á wá mú mi, pé gbogbo wọ́ọ̀dù á máa nàka sí mi. Mo gbé e mì. Mo fà yín lọ́wọ́ jáde, mo sì ń sọ fún yín pé ẹ má sunkún mọ́.

Àìsàn ò dúró de Kípà. Nígbà tí wọ́n fi ṣí ìtọ́jú náà padà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣì wà nínú fìríìsà, wọ́n ń dúró de ọmọ tí kò sí mọ́. Èmi ni mo fi wọ́n síbẹ̀.

Mo wá kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní kí n ya bọ́ọ̀lù kékeré sí igun rẹ̀, mo yà á. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń kọjá, ẹ á dá ẹ̀rọ dúró, ẹ á ní, "Bàbá Ọ̀gá, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín gbọ̀n." Mo máa ń ṣe àmín. Ojú mi le tó bẹ́ẹ̀, mo máa ń ṣe àmín.

Ẹ wá wo ọwọ́ náà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà tó ń tọ́jú mi fún mi ní bírò, ó ní kí n kọ gbólóhùn kan, ohun tó bá ṣáà wù mí. Bírò ń fò káàkiri. Ọ̀gá Kékeré, o nawọ́, o ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín di ọwọ́ mú." Mo jágbe mọ́ ọ débi pé o sunkún. O rò pé ìrora ló ń ṣe mí. Kì í ṣe ìrora. Bí o bá bímọ lọ́la, tí nǹkan ṣe é, jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ rí i bó ṣe burú tó. Má bá a tún un ṣe. Má sì gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ara rẹ, nítorí ìwọ sọ òótọ́ ní tìrẹ. O ní lẹ́tà ò dúró.

Nọ́ọ̀sì, mo ti ránṣẹ́ sí dókítà àgbà pé kó wá. Màá sọ gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, kí wọ́n lè wẹ orúkọ yín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìyá Kípà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìdáríjì irú èyí, ojú mi ò sì gbà á láti wojú yín. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, mi ò ní sọ pé ẹ ṣe àṣejù. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ò bá lè wo pátákó yẹn mọ́, ẹ já a lulẹ̀, ẹ fi dáná. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gé igun tí bọ́ọ̀lù yẹn wà. Ti Kípà nìyẹn, kì í ṣe tèmi.